Ẹ Ka Orí Kí Ẹ Tó Ka Póíǹtì: Bí Ìdílé Ṣe Lè Fi Póíǹtì Gba Hòtẹ́ẹ̀lì Tó Rọ̀ Wọ́n Lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní póíǹtì hòtẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ tí a kò rántí, ìyẹn èrè tí hòtẹ́ẹ̀lì ń fún oníbàárà tó bá forúkọ sílẹ̀ di ọmọ ẹgbẹ́ ètò wọn, tí a lè fi gba yàrá dípò owó. Ọ́fíìsì rán yín lọ sí Àbújá, ẹ sùn sí Transcorp Hilton. Wọ́n pe ìpàdé sí Ìkẹjà, ẹ sùn sí Lagos Marriott tàbí Sheraton. Ilé iṣẹ́ ló sanwó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fún wọn ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ yín, orúkọ yín ni póíǹtì náà ń bọ́ sí. Àwọn tó wà ní Ìlú Ọba ń kó tiwọn jọ láti orí káàdì tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ ilé. Bí ìsinmi bá wá dé, àwọn ọmọ á ní Lọ́ńdọ̀nù làwọn ń lọ, ẹ ó ṣí áàpù, ẹ ó rí i pé 60,000 póíǹtì ni yàrá kan, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Yàrá ẹni méjì nìyẹn, ẹ̀yin sì jẹ́ mẹ́fà.

Ohun tí mò ń sọ kò ju èyí lọ: iye orí àti iye bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kó yan hòtẹ́ẹ̀lì fún ìdílé, póíǹtì á wá tẹ̀ lé e. Lọ́ńdọ̀nù ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ìdílé wa ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ti sábà máa ń há. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà á rí tirẹ̀ níbi tó bá yẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka orí, ẹ ka bẹ́ẹ̀dì

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń lọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí tó máa jẹ́ lọ́jọ́ ìrìnàjò ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ tòní. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 11 kì í wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú òbí rẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ti pé 13 kò sí lára àwọn tó ń jẹun ọ̀fẹ́ ní Holiday Inn mọ́. Èyí tó bá sì ti pé 16, Novotel kò kà á sí ọmọdé. Ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo tó bọ́ sáàárín ìrìnàjò lè yí ìṣirò padà.

Iye èèyàn yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ̀ sínú áàpù, àgbà lọ́tọ̀, ọmọdé lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń tẹ ẹni méjì kí iye póíǹtì lè wálẹ̀, wọ́n á wá kó ọmọ mẹ́ta wọlé lálẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí ewu iná tó lè jó ilé, iye èèyàn tó lè sùn sí yàrá kọ̀ọ̀kan ní òdiwọ̀n, àwọn tó ń gbàlejò ní iwájú hòtẹ́ẹ̀lì sì lè ní kí ẹ ra yàrá kejì lójú ẹsẹ̀, ní iye owó tó bá wà lọ́jọ́ náà. Kò sí póíǹtì tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún.

Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀. Yàrá tó ní àga tó ń di bẹ́ẹ̀dì tó fún òbí méjì àti ọmọ kékeré méjì. Èkejì ni yàrá méjì tó ní ilẹ̀kùn láàárín. Ẹ̀kẹta ni hòtẹ́ẹ̀lì tí yàrá rẹ̀ ní ibi ìdáná. Bí ẹ bá ju mẹ́rin lọ, ẹ ti mọ̀ nínú yín pé yàrá méjì lẹ máa gbà, kí ẹ sì tètè fi méjì sọ iye póíǹtì di púpọ̀ kó tó yà yín lẹ́nu.

Ohun kan wà níbí tí ojú kì í sábà rí. Ní Hilton, yàrá lásán nìkan ni iye póíǹtì rẹ̀ ń wà ní ìwọ̀n tó dáa. Yàrá ẹbí àti súìtì sábà máa ń bọ́ sí abẹ́ ẹ̀ka kejì, níbi tí iye póíǹtì ti ń gòkè bí owó yàrá bá ṣe gòkè, ó sì lè gòkè dé ibi tó ń yani lẹ́nu. Nítorí náà, ẹ fi yàrá lásán méjì wé yàrá ẹbí kan kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Lọ́pọ̀ ìgbà, méjì yẹn ló máa dín póíǹtì kù, ẹ ó sì tún ní ilé ìwẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kó èèyàn mẹ́fà jáde kúrò nínú ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo kí oúnjẹ àárọ̀ tó tán mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹ bá gba méjì, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ sì fi gbà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún ọlọ́mọ

Ètò wọ̀nyí kò rí bákan náà, èyí tó dára fún ọkùnrin oníṣòwò tó ń dá rìn lè má wúlò fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ìdílé ni Accor, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ló ni Novotel, Ibis àti Mercure. Póíǹtì wọn kò ní àdììtú nínú: 2,000 póíǹtì jẹ́ owó yúrò 40 tí wọ́n máa yọ kúrò nínú owó tí ẹ máa san, yàrá yòówù kó jẹ́. Kò sí pé yàrá ẹbí ń bẹ ní ẹ̀ka mìíràn. Ní Novotel, ọmọ méjì tí kò tíì pé 16 lè sùn nínú yàrá òbí wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì jẹ oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ni wọ́n bá sùn, òfin náà ṣì dúró. Fún ìdílé tí màmá àgbà ń bá rìn, ìyẹn túmọ̀ sí pé ọmọ méjì lọ́dọ̀ òbí, méjì lọ́dọ̀ màmá, ọmọ mẹ́rin sì jẹun ọ̀fẹ́.

Ní IHG, ilé iṣẹ́ tó ni Holiday Inn, Holiday Inn náà ni ẹ máa wò. Ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ nílé oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì bí àgbàlagbà tó bá a jókòó bá ra tirẹ̀. Àwọn náà ló ni Staybridge Suites, tí yàrá rẹ̀ ní ibi ìdáná, tí oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá sùn níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Stratford, òmíràn wà ní Vauxhall.

Hilton ní àǹfààní kan tó dára fún ẹni tó máa pẹ́: bí ẹ bá ti wà ní ipò Silver sókè (ipò tí wọ́n ń fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń sùn sọ́dọ̀ wọn déédéé; Gold ló tẹ̀ lé e), tí ẹ sì fi póíǹtì nìkan gba yàrá lásán fún òru márùn-ún, òru karùn-ún jẹ́ ọ̀fẹ́. Yàrá 60,000 fún òru márùn-ún á wá di 240,000 dípò 300,000. Marriott náà ń ṣe é fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Silver kọ́, Gold kọ́, àmọ́ òru tí póíǹtì rẹ̀ kéré jù nínú márààrún ni wọ́n máa yọ. Bí ìrìnàjò yín bá jẹ́ òru mẹ́rin, ẹ tún un rò.

Ní ti oúnjẹ àárọ̀ tí àwọn tó wà ní ipò Gold ti Hilton ń yangàn sí, ẹni méjì ni: onípò fúnra rẹ̀ àti ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú yàrá. Àwọn ọmọ lè wà níta àǹfààní náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó sídìí tábìlì. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, owó díẹ̀ fún oúnjẹ ni wọ́n ń fún Gold ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Embassy Suites, tó jẹ́ ti Hilton, ló yàtọ̀ níbẹ̀, torí yàrá méjì ni súìtì wọn, wọ́n sì ń din ẹyin fún gbogbo ilé ní àárọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí àwọn onípóíǹtì kì í fẹ́ gbọ́. Premier Inn, hòtẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ káàkiri Ìlú Ọba, kò ní ètò póíǹtì fún ẹni tó ń lọ gbafẹ́, síbẹ̀ òun ló máa ń jáwé olúborí lọ́pọ̀ ìgbà fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin. Yàrá ẹbí wọn gba àgbà méjì àti ọmọ méjì, bí àgbàlagbà kan bá sì ra oúnjẹ àárọ̀ pípé, ọmọ méjì tí kò tíì pé 16 á jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó wọn ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àdúgbò

Àwọn ọmọ kò bìkítà bóyá ojú fèrèsé yín kọjú sí London Eye. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ni wọ́n mọ̀. Ohun tí mo máa ń wò ni iye ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá, bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè wà nítorí kẹ̀kẹ́ ọmọ àti orúnkún màmá, àti bóyá ilé ìtajà oúnjẹ wà nítòsí.

Stratford, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni mo máa ń dárúkọ fún ìdílé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Àwọn ọkọ̀ ojú irin Central, Jubilee, Elizabeth àti DLR ló pàdé níbẹ̀. Gbogbo ibùdókọ̀ Elizabeth, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ni ẹ lè dé láìgun àtẹ̀gùn, ọkọ̀ náà sì ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Heathrow. Westfield, ilé ìtajà ńlá, wà lẹ́nu ọ̀nà fún aṣọ àti bàtà, ọgbà Queen Elizabeth Olympic Park sì ní ibi ìṣeré tí ẹnikẹ́ni kò ní gbowó lọ́wọ́ yín. Young V&A, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé, wà ní Bethnal Green, ibùdókọ̀ méjì péré lórí Central, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra iṣu àti ata ní Peckham, ẹ wọ Jubilee dé Canada Water, ẹ bọ́ sí ọkọ̀ ojú irin Windrush, ó di Peckham Rye.

Àárín ìlú náà dára bí òru yín kò bá ju méjì lọ. South Kensington wà nítòsí Natural History Museum àti Science Museum, tí wọn kò gbowó ìwọlé. Ṣùgbọ́n póíǹtì tó ń gba òru méjì níbẹ̀ lè gba mẹ́ta ní Stratford tàbí ní Greenwich, ọmọ tí kò tíì pé 11 sì ń wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, títí dé ọmọ mẹ́rin fún àgbàlagbà kan tó sanwó. Owó ọkọ̀ kì í ṣe ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ há ara yín mọ́ àárín ìlú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣirò

Èyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá iye owó yàrá kan náà, lọ́jọ́ kan náà, tó ṣeé fagi lé bí ti póíǹtì ṣe ṣeé fagi lé. Ní Ìlú Ọba, owó orí VAT 20% ti wà nínú iye tí ẹ ń rí. Ẹ fi iye póíǹtì pín owó náà.

Ká sọ pé yàrá Hilton kan jẹ́ £180, póíǹtì rẹ̀ jẹ́ 60,000. Póíǹtì kan wá jẹ́ 0.3 pẹ́ńsì. Òmíràn jẹ́ £330, póíǹtì rẹ̀ jẹ́ 70,000, ìyẹn sì lé díẹ̀ ní 0.47. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó dára? Hilton fúnra wọn máa ń ta póíǹtì ní ìdajì sẹ́ǹtì dọ́là nígbà tí ẹ̀dínwó bá dé, ìyẹn sún mọ́ 0.4 pẹ́ńsì. Bí yàrá kan bá ń fún yín ní iye tó rẹlẹ̀ sí èyí tí ẹni tó ń tà á ń tà á, ẹ fi owó san án, kí ẹ fi póíǹtì pamọ́. Yàrá £180 yẹn, owó ni kí ẹ san.

Ìṣirò náà kò tíì pé bí ẹ kò bá fi oúnjẹ kún un. Oúnjẹ àárọ̀ fún ẹni márùn-ún lójoojúmọ́ kì í ṣe owó kékeré ní Lọ́ńdọ̀nù. Hòtẹ́ẹ̀lì tí póíǹtì rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti èkejì lọ, tó sì ń bọ́ gbogbo yín, lè jẹ́ èyí tó máa ná yín ní owó tó kéré jù. Ibi ìdáná náà níyì tirẹ̀: ìrẹsì, ọbẹ̀ tí ẹ ti sè nílé ẹ̀gbọ́n yín ní Woolwich, omi gbígbóná fún oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ẹ má sáà fẹ́ din dòdò àti ẹja níbẹ̀ bí ẹni wà nílé. Aago iná hòtẹ́ẹ̀lì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èéfín ẹja àti èéfín ilé tó ń jó, gbogbo àlejò ló sì máa bá yín jáde síta.

Fún ẹni tó ń lọ sí New York tàbí Las Vegas: ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ ló ń gba owó kan lójoojúmọ́ lórí owó yàrá. Hilton àti Hyatt kì í gbà á bó bá jẹ́ póíǹtì nìkan lẹ fi sùn. Marriott máa ń gbà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí póíǹtì ilé di ọ̀kan

Bí bàbá bá ní 90,000, tí ìyá ní 70,000, tí àǹtí ní 80,000, ìdílé yẹn ní òru kan tàbí méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní 240,000 lápapọ̀. Hilton gbà kí ẹ kó póíǹtì yín jọ pẹ̀lú ẹni mẹ́wàá mìíràn láìgba owó. Marriott gbà kí ẹ fi tó 100,000 ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́dún kan. IHG sábà ń gba dọ́là márùn-ún lórí 1,000 kọ̀ọ̀kan, mi ò sì rí ìdí tí èèyàn fi máa san án. Ẹni tó ni póíǹtì ni kó fi orúkọ ara rẹ̀ gba yàrá kan, kí ẹnìkejì gba èkejì.

Ẹ̀yin tó ní káàdì American Express ní Ìlú Ọba, 1,000 póíǹtì Membership Rewards máa ń di 2,000 ní Hilton, ó sì máa ń di 1,500 ní Marriott. Bó bá ti lọ, kò ní padà mọ́. Ẹ rí yàrá tí ẹ fẹ́ lójú ná kí ẹ tó gbé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gba yàrá ní kùtù, ẹ má so ara yín mọ́lẹ̀

Ìsinmi oṣù kẹjọ ni ìdílé Nàìjíríà àti ìdílé Gẹ̀ẹ́sì jọ ń rìn, yàrá póíǹtì sì ń tètè tán. Ìsinmi kúkúrú tí wọ́n ń ṣe láàárín sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kejì, ìkarùn-ún àti ìkẹwàá náà rí bẹ́ẹ̀. Áàpù máa ń ṣí ọjọ́ sílẹ̀ ní bí ọdún kan ṣáájú.

Ohun tó mú kí póíǹtì dára fún ẹni tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀ ni físà. Yàrá póíǹtì sábà máa ń ṣeé fagi lé títí di ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, póíǹtì á sì padà síbi tó ti wá. Bí físà bá pẹ́ tàbí tí wọn kò fún yín, owó yín kò há sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ka ọjọ́ tí àǹfààní ìfagilé parí, kí ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà fóònù yín, torí ti hòtẹ́ẹ̀lì kan lè jẹ́ ọjọ́ kan, ti òmíràn ọjọ́ mẹ́ta. Àǹfààní mìíràn tún wà: bí iye póíǹtì bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gbà á, ẹ lè tún un gbà ní iye tuntun, kí ẹ fagi lé ti àkọ́kọ́. Èyí tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú.

Orí áàpù tàbí ìkànnì hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Yàrá tí ẹ fi owó rà lọ́wọ́ alágbàtà bíi Booking.com kì í sábà fún yín ní póíǹtì, bí wàhálà bá sì dé, hòtẹ́ẹ̀lì á ní kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ bá hòtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà gan-an, kì í ṣe sí ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ gba yàrá méjèèjì, kí ẹ ní kí wọ́n fi àwọn yàrá náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ̀lú ilẹ̀kùn láàárín. Ẹ béèrè bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, fìríìjì fún wàrà ọmú, àti yàrá tó wà ní àjà ìsàlẹ̀ bí màmá kò bá fẹ́ràn ẹ̀rọ agbéniròkè. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ní odò ìwẹ̀, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń jẹ́ kí ọmọdé wọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn lójúmọ́, àwọn ọmọ yín sì ti lè máa ka ọjọ́ nítorí odò yẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, wọ́n máa kọ orúkọ àti orílẹ̀-èdè gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 16 sílẹ̀; òfin ìjọba láti ọdún 1972 ni, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ mú ìwé ìrìnnà ọmọ ńlá yín náà lọ́wọ́. Wọ́n tún lè di owó díẹ̀ mú lórí káàdì yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé póíǹtì lẹ fi sùn, nítorí ohun tí ẹ lè jẹ tàbí tí ẹ lè bàjẹ́. Ẹ ti bá báǹkì yín sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà, kí ẹ rí i dájú pé káàdì tó wà lọ́wọ́ yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, kó sì ní owó tó tó ìyẹn lórí. Káàdì tí ẹ fi máa jẹun kọ́ ló yẹ kí wọ́n dì mú, bí ẹ bá ní méjì.

Bí ẹ bá ń jáde, ẹ gba ìwé owó, kí ẹ wò ó níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ oúnjẹ àárọ̀ ọmọ sórí rẹ̀ níbi tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó rọrùn láti yọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì dúró síwájú wọn ju ìgbà tí ẹ ti dé Ìbàdàn lọ.

Póíǹtì tó bá sì ṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kó kú. Hilton àti Marriott máa ń pa á rẹ́ bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀ lórí àkáǹtì yín fún oṣù 24. Ti Accor jẹ́ ọjọ́ 365. Ti IHG jẹ́ oṣù 12 fún ẹni tí kò ní ipò kankan. Òru kan tí ẹ bá fi nọ́ńbà yín sùn sí ọ̀kan nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ètò náà tó láti bẹ̀rẹ̀ kíka ọjọ́ náà lákọ̀tun.